Kébù Kílọ́ọ̀ṣì Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìlútitun. Ó ní Golf 3 ni òun fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, ṣùgbọ́n kébù kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í pẹ́ já. Mẹkáníìkì rẹ̀ ti wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ jíàbọ́ọ̀sì oníkébù náà kúrò, kí ó sì fi èyí tí ń lo ọ́ìlì sí i. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣe é ni, àbí kí n má ṣe é?"

Ọmọ mi, ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, mo ti fi owó ara mi ṣe é rí ní Igbótakó níbí. Jíàbọ́ọ̀sì ọlọ́ìlì ló wà nínú ọkọ̀ mi dòní, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Síbẹ̀, bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí kébù kò ṣẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nílé. Fara balẹ̀ kí n rò fún ọ.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn tí kì í wakọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń já agbára ẹ́ńjìnì kúrò lára jíàbọ́ọ̀sì nígbà tí a bá fẹ́ pa jíà dà. Ẹsẹ̀ òsì la fi ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà méjì sì ni agbára ẹsẹ̀ náà lè gbà dé ibi tí iṣẹ́ wà. Ọ̀nà kìíní ni kébù. Okùn irin tí a lọ́ pọ̀ ni kébù, a kì í bọ inú ọ̀pá kan tó ń tẹ̀, ó sì ti ìdí pẹ́dàlì la ògiri iwájú ọkọ̀ kọjá lọ sí ara jíàbọ́ọ̀sì. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, okùn a fà. Bẹ́ẹ̀ ni Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá rí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di 2003 tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Iye tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ, kébù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́ pé ohun yẹpẹrẹ ni kébù.

Ọ̀nà kejì ni ọ́ìlì. Sìlíńdà kékeré kan wà lókè nídìí pẹ́dàlì, òmíràn wà nísàlẹ̀ lára jíàbọ́ọ̀sì, páìpù tín-ín-rín kan so wọ́n pọ̀, ọ́ìlì bíréèkì sì kún inú wọn. Bí ẹsẹ̀ bá ti ọ́ìlì lókè, ti ìsàlẹ̀ a ti irin kílọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Blaise Pascal, tó kú ní 1662, ló là á yé aráyé pé bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́ inú nǹkan, ìtẹ̀ náà a dé ibi gbogbo láìdínkù. Bí ojú sìlíńdà ìsàlẹ̀ bá tóbi ju ti òkè lọ ní ìlọ́po méjì, agbára ẹsẹ̀ wa a di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà tí ti òkè rìn ni ti ìsàlẹ̀ yóò rìn. Ọgbọ́n yìí náà ni bíréèkì ń lò. Àwọn bàbá wa mọ oríṣi méjèèjì tipẹ́: ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá oníkébù pọ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ọlọ́ìlì pọ̀ ní Kàdúná.

Ó yá, ẹ gbọ́ ìtàn tèmi. Golf 3 tòkúnbọ̀ ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnì 1.8 ló wà nínú rẹ̀. Òun ni mo fi ń bá ìyàwó mi kó epo pupa àti pupuru lọ sí Òkìtìpupa. Láàárín oṣù márùn-ún, kébù kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí àkọ́kọ́ já lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, a fi rẹ́rìn-ín. Èkejì já nínú ọjà, a fi kẹ́dùn. Ẹ̀kẹta ni n kò lè gbàgbé.

Ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan ń ṣe ìdánwò WAEC, Òkìtìpupa sì ni ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe é wà. Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà, kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ jáde. Ìyá ọmọ náà wá kan ilẹ̀kùn mi, mo sì ní kí ọmọ wọlé sọ́kọ̀. A ò tíì rìn jìnnà rárá nígbà tí mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí pẹ́dàlì sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Kébù ti já. Ọmọ náà kò sunkún, kò sì pariwo. Ó kàn di bírò rẹ̀ mú pinpin, ó ní, "Bàbá, aago mẹ́sàn-án la ó bẹ̀rẹ̀ o."

Mo pa ẹ́ńjìnì. Mo ti jíà sí ẹyọ kan, mo sì fi kíìkì ta á bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà fò lẹ́ẹ̀mejì bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ́ńjìnì dáhùn, a sì ń lọ. Nígbà tí ó tó láti pa jíà dà, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mo fa jíà jáde jẹ́ẹ́jẹ́, mo dúró kí ìró ẹ́ńjìnì bá ìrìn táyà mu, mo sì rọra tì í sí ẹyọ kejì. Ó pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì kò lè dúró láìjẹ́ pé a pa á. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá gbé igi dábùú ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnì níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ta ló ní kí ẹ pa ọkọ̀? Ṣé ibí lẹ fẹ́ sùn ni?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó yọjú wo ọmọ náà nínú aṣọ ilé ìwé, ó fa igi kúrò, ó ní kí a máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tún fò lẹ́ẹ̀mejì níwájú ìjọba.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wọlé. Èmi jókòó sínú ọkọ̀ níta ọgbà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ní bí ìdánwò yìí bá bọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ nítorí okùn irin kan, ojú wo ni n ó fi wo ìyá rẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti búra pé kébù kílọ́ọ̀ṣì kò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́ láéláé. Ìbínú ló búra, kì í ṣe ọgbọ́n.

Mẹkáníìkì mi, ọmọ tó mọṣẹ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ra jíàbọ́ọ̀sì ọlọ́ìlì ní Ládípọ̀, ọjọ́ méjì la ó fi parí ẹ̀." Inú mi dùn. Èmi àti òun, kò sí ẹni tó bi kébù léèrè ohun tó ń pa á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀, ó di Èkó, ó di ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Nọ́ńbà tí Volkswagen fún jíàbọ́ọ̀sì àtijọ́ mi ni 020. Ọlọ́ìlì tí à ń wá ni 02A, tí wọ́n fi sínú Golf 3 ẹlẹ́ńjìnì ńlá àti àwọn Passat kan. Ọ̀kan tí ọlọ́jà kọ́kọ́ gbé wá mọ́ tónítóní, ara VR6 ni wọ́n ti tú u. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó bá mi lọ: ó ní ihò bóòtù tí a fi ń so ti VR6 mọ́ ẹ́ńjìnì kò bá ti ẹ́ńjìnì onípísítìnì mẹ́rin mu rárá. A kúrò níbẹ̀, a rí èyí tó bá a mu, mo sanwó, mo gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, jíàbọ́ọ̀sì dà bí ìyàwó: a kì í fẹ́ ẹ láìfẹ́ ẹbí rẹ̀. Mo ti fẹ́ ìyàwó, n kò bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a tú ti àtijọ́ sílẹ̀ ni a rí i pé ìṣe àwọn méjèèjì yàtọ̀ pátápátá. Nínú 020, pírẹ́ṣọ̀ ni a so mọ́ ẹ́ńjìnì, fúláìwíìlì wá bò ó lórí. Bẹ́árìn tí ń tú kílọ́ọ̀ṣì wà ní ìpẹ̀kun jíàbọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ọ̀pá irin gígùn kan ló sì la àárín jíàbọ́ọ̀sì já láti wá ti kílọ́ọ̀ṣì. Nínú 02A, fúláìwíìlì ló ṣáájú, pírẹ́ṣọ̀ tẹ̀ lé e, apá irin kan ló sì ń ti bẹ́árìn láti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà fúláìwíìlì mi, díìsìkì mi, pírẹ́ṣọ̀ mi, kò sí èyí tó wúlò mọ́. Mo padà sí Èkó.

Mo dé, ó ku kíìkì. Ti àtijọ́ kò bá ojú ibẹ̀ mu. Ó ku ṣáàfù méjèèjì: ibi tí tèmi ti so mọ́ jíàbọ́ọ̀sì fẹ̀ ní mílímítà 90, ti tuntun jẹ́ 100. Ó ku ìjókòó jíàbọ́ọ̀sì, àwọn irin onírọ́bà tí ń gbé e dúró. Ó ku pẹ́dàlì fúnra rẹ̀, nítorí pẹ́dàlì tí ń fa okùn kọ́ ni ń ti sìlíńdà. Ó ku sìlíńdà òkè, sìlíńdà ìsàlẹ̀, páìpù àárín wọn, àti ike ọ́ìlì bíréèkì tó ní ẹnu fún kílọ́ọ̀ṣì, nítorí inú ike kan náà ni bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ti ń mu. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀pá jíà. Ọ̀pá irin ni 020 fi ń gba àṣẹ ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n kébù méjì ni 02A ń lò. Èmi tí mo sá fún kébù kan, mo fi owó mi ra méjì.

Ọjọ́ méjì tí mẹkáníìkì dá di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọkọ̀ mi wà lórí igi lábẹ́ máńgòrò, adìyẹ ìyàwó mi yé ẹyin mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀, ìyàwó mi sì ń sanwó ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti gbé epo rẹ̀ lọ sọ́jà. Kò bá mi wí. Ó kàn máa ń ka ẹyin náà sókè létí mi láràárọ̀.

Nígbà tó yá, a to gbogbo rẹ̀ pọ̀, a fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde: ọ̀kan ń tẹ pẹ́dàlì, ọ̀kan ń tú ẹnu sìlíńdà ìsàlẹ̀ títí tí ọ́ìlì fi ń jáde láìsí ìfófòó. Afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ rún, ọ́ìlì kò ṣeé tẹ̀ rún. Bí afẹ́fẹ́ bá kù níbẹ̀, ẹsẹ̀ a lọ sílẹ̀ lásán. Mo wà á dé Èrínjẹ, mo wà á padà. Pẹ́dàlì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Mo ní, Olúwa, ọpẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ta kíìkì láàárọ̀, mo gbọ́ òórùn bí ẹni pé ike ń jó. Ẹsẹ̀ iná sì le, kò fẹ́ padà sókè. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan kébù tí ẹsẹ̀ iná fi ń fa ẹ́ńjìnì, mo sì yára gbé ọwọ́ kúrò: ó gbóná janjan! Mẹkáníìkì wò ó títí, kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó lọ pe ríwáyà kan, àgbàlagbà tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí bátìrì, ó wo ara ẹ́ńjìnì, ó sì bi mí pé, "Wáyà ẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnì yìí dà?"

Ẹ gbọ́ àlàyé tí ó ṣe. Iná tó ti orí bátìrì jáde gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Wáyà nípọn kan ló yẹ kó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnì tàbí jíàbọ́ọ̀sì, nítorí rọ́bà ni ẹ́ńjìnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Kíìkì nìkan lè fa iná tó ju áḿpíà 100 lọ. Bí wáyà ẹ́ẹ̀tì kò bá sí, iná náà a wá irin mìíràn tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀, a sì gba ibẹ̀ padà. Kí ló tún so wọ́n pọ̀? Kébù kílọ́ọ̀ṣì. Okùn tín-ín-rín tí a ṣe fún fífà ni ó ń ru ẹrù wáyà ńlá. Ó ń gbóná, ike inú ọ̀pá rẹ̀ ń yọ́, okùn ń gbẹ, ó ń le, ó sì ń já.

Mo sáré lọ síbi tí mo kó àwọn kébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó já sí. Òótọ́ ni: inú wọn dúdú, ike ti yọ́ mọ́ irin lára. Ẹ̀rí ti wà nílé mi láti oṣù márùn-ún, a kò wò ó. Mo wá rántí pé kí kébù tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún iṣẹ́. Ẹni tó dá a padà gbàgbé wáyà ẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tún un sọ̀ kalẹ̀ kò sì lè so ohun tí kò bá níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Mo lé kébù kílọ́ọ̀ṣì lọ, iná kó lọ sára kébù ẹsẹ̀ iná. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá já, ọkọ̀ kò ní gbéra, ìtìjú lásán ni. Ṣùgbọ́n bí kébù ẹsẹ̀ iná bá lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá rẹ̀ nígbà tí mo ń sáré, ẹ́ńjìnì ì bá máa sáré lọ láìgbọ́ràn sí mi lẹ́nu, bóyá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn mi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni mo ná owó gọbọi lé lórí. Wáyà kan péré ni bàbá ríwáyà fi wo ẹ̀tẹ̀, kò sì tó wákàtí kan.

Nítorí náà, ọmọ mi ní Ìlútitun, èyí ni ìdáhùn mi.

Lákọ̀ọ́kọ́, mú kébù tó já kẹ́yìn, là á, kí o wo inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló gbó níbi tó ti tẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọn kò to ọ̀pá rẹ̀ dáadáa, tàbí pé kébù náà kò jẹ́ ojúlówó. Bí inú rẹ̀ bá jó, wá wáyà ẹ́ẹ̀tì. Kí ríwáyà fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí bátìrì níbi tí àmì ìyọkúrò wà, kí ó fi èkejì sára ẹ́ńjìnì, kí o sì ta kíìkì. Ohun tí mítà yóò kà kò yẹ kó ju ìdajì fólítì lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ti mú olè náà.

Lẹ́yìn èyí, bi ara rẹ bóyá jíàbọ́ọ̀sì rẹ ṣì dára. Bí jíà bá ń wọlé láìpariwo, tí kò sì í yọ fúnra rẹ̀, kí lo fẹ́ lé e lọ fún? Ra kébù tó dára, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí jíàbọ́ọ̀sì náà ti kú, tàbí tí o fẹ́ gbé ẹ́ńjìnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Ṣe é nígbà náà, n kò ní dá ọ lẹ́kun.

Bí o bá máa ṣe é, má ra jíàbọ́ọ̀sì nìkan. Wá ọkọ̀ kan tí wọ́n ń tú, kí o ra gbogbo ẹbí lára òun nìkan: láti orí pẹ́dàlì dé orí ṣáàfù, àti bóòtù kéékèèké. Kó gbogbo rẹ̀ jọ sílẹ̀ kí mẹkáníìkì tó tú bóòtù kan lára ọkọ̀ rẹ. Má sì ta àwọn ẹ̀yà àtijọ́ títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá.

Ní ìparí, mo bẹ̀ ọ́, ọ́ìlì bíréèkì nìkan ni kó wọ inú ike náà, irú èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára. Kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń bù sínú ìdarí, kì í sì í ṣe omi. Àwọn ọ́ìlì wọ̀nyẹn máa ń wú rọ́bà inú sìlíńdà, bíréèkì rẹ sì ń mu nínú ike kan náà. Ẹ̀mí ni o ń fi ṣeré. Ọ́ìlì náà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí sì jẹ́ ilẹ̀ òjò. Máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ kò ní ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ohun tó bá ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe òun ni ẹ ó bínú sí. Ẹ béèrè ẹni tó ń pa á. Ọmọ tó ṣe ìdánwò náà yege, òun ló ń wá sílé wa báyìí láti jẹ ẹyin tí adìyẹ yé sábẹ́ ọkọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.